Bí Anémónì Òkun Ṣe Ń Gbé Inú Gíláàsì Nílùú Èkó

Omi ló yí Èkó ká, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà kò ṣeé fi sin anémónì, ẹranko inú òkun tó jọ òdòdó. Ẹni tó bá dúró sétí omi ní CMS, tàbí tó ń wò ó láti orí Third Mainland Bridge, lè rò pé òkun nìyẹn. Ọ̀sà ni. Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun ń tú sínú rẹ̀, òkun náà sì ń gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà lọ sí Àpápá wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á dé inú ọ̀sà dáadáa. Tí òjò bá ti rọ̀ lárọ̀ọ̀dá, omi odò á borí, ọ̀sà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tí kò níyọ̀ rárá. Ohun tó ń gbé inú ọ̀sà ti mọ̀ ọ́n lára. Àwọn anémónì tí a ń sìn nílé kò mọ irú rẹ̀, torí inú òkun tí iyọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni wọ́n ti wá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ ẹni tó ń sìn wọ́n fi dá lórí ohun kan: kí omi inú gíláàsì tí a ń sìn wọ́n sí lónìí rí bó ṣe rí lánàá.

Nítorí náà, ńṣe la máa ń po omi òkun nílé. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹja òkun la ń lò. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é, torí kò ní kálísíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti àwọn èròjà yòókù tó wà nínú òkun tó. Lítà omi kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ á sì ka 1.025 tàbí 1.026. Omi tí a ó da iyọ̀ náà sí ló ń fa wàhálà jù. Omi bọ̀háòlù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní irin nínú, èyí tó ń sọ isàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pupa. Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní kílórínì. Omi tí ẹ̀rọ RO (reverse osmosis), ẹ̀rọ tó ń yọ èròjà inú omi kúrò, bá sẹ́ ló dára jù. Bàbà ni kí a ṣọ́ra fún ju ohunkóhun lọ. Ìwọ̀nba bàbà díẹ̀ tí ẹja lè fara dà máa ń pa anémónì, bẹ́ẹ̀ bàbà sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹja tó ń ṣàìsàn. A kì í da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú gíláàsì tí anémónì wà.

Ẹranko ni anémónì, bó tilẹ̀ jọ òdòdó. Ìbátan iyùn inú òkun àti jellyfish ni. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ló ń gbà jẹun, ibẹ̀ náà ló ń gbà da ìdọ̀tí nù. Àwọn ìka rẹ̀ kún fún ọfà olóró tí ojú lásán kò lè rí, ohun tó bá sì kàn wọ́n, wọ́n á ta á. Tí èèyàn bá fọwọ́ kan irú èyí tí wọ́n ń pè ní bubble-tip, tó wà lára àwọn tó rọrùn láti sìn, á dà bíi pé ìka náà ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọfà tó ti wọ awọ ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewéko inú omi kan ń gbé, tí wọ́n kéré gan-an. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń fún anémónì lára rẹ̀ bí ayálégbé ṣe ń san owó ilé. Ara owó ilé yìí ni anémónì fi ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́. Gílóòbù yàrá lásán kò lè tó o.

Ooru ló ń lé ayálégbé yìí jáde. Omi tó bá wà láàárín digirí 24 sí 27 ló bá anémónì lára mu, bẹ́ẹ̀ yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Yábàá lọ́sàn-án Oṣù Kẹta lè gbóná ju 30 lọ. Tí omi bá gbóná bẹ́ẹ̀ pẹ́, anémónì á da àwọn ewéko náà nù, á wá funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó dunni pé irú èyí gan-an làwọn kan máa ń yàn lọ́dọ̀ ọlọ́jà, wọ́n á ní ó rẹwà. Ebi ló ń pa á. Èyí tára rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ bíi ti ilẹ̀ tàbí ti ewé, ẹnu rẹ̀ á pa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì di ojú gíláàsì mú gírígírí.

Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè dín ooru kù, torí omi tó ń gbẹ ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí omi bá ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ èyí tó kù ń le sí i, pàápàá nígbà ọyẹ́. Sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi gbọ́dọ̀ dé ti tó láti fi ṣọ́ ọ. Láràárọ̀, omi tí kò níyọ̀ la fi ń bù ú kún títí á fi kan ìlà náà. Ẹni tó bá ń fi omi oníyọ̀ bù ú kún ń pa á díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá ṣòro jù. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, pọ́ọ̀mpù tó ń mú kí omi inú gíláàsì máa yí á dákẹ́, omi á dúró sójú kan. Àtẹ́gùn kò ní lè wọnú omi bó ṣe yẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹja, anémónì àti bakitéríà tó wà lára òkúta inú gíláàsì ṣì ń mí. Omi gbígbóná kì í sì gba ọ́síjìn púpọ̀ bíi ti tútù. Láàárín wákàtí mélòó kan, anémónì lè rọ, kó sì sún kì. Nínú ohun tí à ń gbé sórí ínfátà, pọ́ọ̀mpù ló yẹ kó ṣáájú, torí kì í jẹ iná púpọ̀. Fáànù ló tẹ̀ lé e. Iná ìmọ́lẹ̀ lè dúró. Ọjọ́ kan nínú òkùnkùn kò ní pa anémónì. Ẹni tí kò ní ínfátà lè ra pọ́ọ̀mpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí NEPA bá ti mú iná. Pọ́ọ̀mpù afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé, torí ohun tó bá fà mú ló máa fẹ́ sínú omi. Bákan náà ni oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín: ó burú fún ẹja, ó burú fún anémónì. Àwọ̀n ẹ̀fọn ló dára jù fún yàrá tí gíláàsì bá wà.

Gíláàsì tuntun kì í gba anémónì. Ìdọ̀tí àti oúnjẹ tó ń jẹrà ń di amóníà, bakitéríà ń sọ ọ́ di náítíráìtì, òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì tí oró rẹ̀ kéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni iṣẹ́ yìí fi ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì yẹ kí a ní sùúrù tó oṣù mẹ́fà kí a tó ra anémónì.

Anémónì máa ń rìn. Tí ibi tí a gbé e sí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa wọ́ lọ lóru. Tó bá dé ẹnu pọ́ọ̀mpù tí kò ní ààbò, á fà á wọlé, á rún un wómúwómú, oró rẹ̀ á tàn káàkiri omi, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sì lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Fóòmù tí a fi bo ẹnu pọ́ọ̀mpù kò wọ́n rárá.

Edé tútù tí a kò fi iyọ̀ tàbí ata sí dára fún oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A ó gé e bí èékánná ọmọdé, a ó fi ẹ̀mú gbé e kan ìka rẹ̀. Ìka náà á dì í mú, àwọn tó wà nítòsí á tẹ̀ wá, wọ́n á máa tì í lọ sí àárín, ẹnu á là, edé á sì wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá pọ̀ ọ́ lódindi lọ́jọ́ kejì, ó tóbi jù fún un nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹja clownfish, tó máa ń fi àárín ìka anémónì ṣe ilé, bá ń bá a gbé kó tó lè wà láàyè. Ẹja náà kò tiẹ̀ sí nínú òkun Àtìláńtíìkì tó wà níwájú Èkó. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ló ti wá.

Ó lè pẹ́ láyé gan-an. Anémónì kan tí John Dalyell, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, mú ní etíkun Scotland lọ́dún 1828 gbé inú ìgò, wọ́n ń pààrọ̀ omi òkun rẹ̀, ó pẹ́ ju Dalyell fúnra rẹ̀ lọ, ọdún 1887 ló tó kú. Lóòótọ́, irú anémónì yẹn kò ní ewéko nínú, ó sì ti mọ ìyípadà lára létí òkun.

Bubble-tip tó bá rí ìtọ́jú máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fà síhìn-ín, apá kejì á máa fà sọ́hùn-ún, títí àárín á fi ya. Ojú ọgbẹ́ náà á san láàárín ọjọ́ mélòó kan, a ó wá ní méjì. Tí a bá fẹ́ fún ará ilé kan ní Sùúrùlérè ní ọ̀kan, òkúta tó dì mú la ó gbé tòun-tòun, a kì í fà á tu, torí ẹsẹ̀ tó bá ya kì í tètè san. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí àti pọ́ọ̀mpù bátìrì ni yóò wà nínú gó-síló. Tó bá délé tuntun, a ó máa kán omi ibẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí kan sí méjì kí a tó gbé e wọlé.