Èsì àyẹ̀wò dára, àyà ọmọ ṣì ń dún fée: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ọmọ wa ọdún 8 ní ikọ́ fée. Wọ́n ní kó fẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró, èsì sì dára. Kí ló dé tí àyà rẹ̀ ṣì ń dún lóru?

Ìdáhùn: Ikọ́ fée kì í dúró lójú kan. Ọ̀nà èémí lè fún pọ̀ lóru tàbí lẹ́yìn eré sísá, kó sì ti là padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wákàtí tí ọmọ fẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni èsì mọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí èsì kan dá oògùn rẹ̀ dúró.

Ṣé ó fa ínhélà láàárọ̀ ọjọ́ náà? Salbutamol, oògùn inú ínhélà tó ń tètè la ọ̀nà èémí, lè bo ìfúnpọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó yẹ kó ti tó wákàtí 4 sí 6 tó ti lò ó. Àmọ́ bí mímí bá ń ni í lára, ẹ fún un lóògùn, kí ẹ sún àyẹ̀wò síwájú.

Ìbéèrè: Kí ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n?

Ìdáhùn: Gbogbo atẹ́gùn tí ọmọ lè fi agbára tú jáde (FVC), àti èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ (FEV1). Bí ọ̀nà èémí bá fún, FEV1 ló ń kọ́kọ́ jìyà. Gíga ọmọ wà lára ohun tí a fi ń ṣírò iye tó yẹ, nítorí náà kó bọ́ bàtà kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n ń ní kó tún un fẹ́?

Ìdáhùn: Nítorí èsì tó rẹlẹ̀ lè jẹ́ àṣìṣe fífẹ́, kó má jẹ́ àìsàn rárá. Ahọ́n lè dí ojú ihò, afẹ́fẹ́ lè jò létí ẹnu, ikọ́ lè gbé e ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Èyí tó ń tanni jẹ jù ni kí ọmọ má mí sínú kún: èsì yóò rí bíi pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kéré. Kó mí sínú bámúbámú, kó fi ètè di ẹnu ọ̀pá pinpin, kó tú u jáde lójijì, kó sì máa fẹ́ ẹ lọ títí yóò fi tán. Kò pọn dandan kó fẹ́ ẹ tó ìṣẹ́jú-àáyá 6. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ń tètè tú tán.

A ń wá fífẹ́ dáadáa 3, kí méjì tó ga jù má fi ju milílítà 150 lọ síra wọn fún ọmọ tó ti kọjá ọdún 6. Bí àárẹ̀ bá ti mú un, ó ti tó.

Lẹ́yìn náà ni yóò fa salbutamol lẹ́ẹ̀mẹrin, 100 máíkírógíráàmù lẹ́ẹ̀kan, yóò sinmi ìṣẹ́jú 15, yóò sì tún fẹ́ ẹ. Bí FEV1 bá fi ohun tó ju ìdá 12 nínú 100 lọ sókè, ó ṣètìlẹ́yìn fún ikọ́ fée gan-an.

Ìbéèrè: Àbúrò rẹ̀ ọdún 3 ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì lè fẹ́ ẹ bó ṣe yẹ, ó sábà máa ń di ọdún 5 tàbí 6. Ẹ̀rọ mìíràn wà, oscillometry, tí ọmọ kàn máa mí jẹ́jẹ́ sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó lásán.