Kórópọ̀n tí kò sọ̀kalẹ̀ lára ọmọkùnrin

Ọwọ́ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n ti ń fi kànrìnkàn fọ abẹ́ ọmọ tuntun, wọ́n á rí i pé apá kan ẹpọ̀n ṣófo, kò sí kóró níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, á sọ̀ tó bá yá." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ní gbèdéke: oṣù 6.

Ẹ̀gbẹ́ kíndìnrín ni kórópọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún. Bí oyún bá wọ oṣù 7, á gba ọ̀nà tóóró kan níbi tí itan ti pàdé ikùn, á sì bọ́ sínú ẹpọ̀n. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè jáde kí ìrìn náà tó parí. Nǹkan bí 30 nínú 100 irú wọn ni kórópọ̀n wọn kì í tíì sọ̀. Lára àwọn tó pé oṣù, nǹkan bíi 3 nínú 100 ni. Púpọ̀ á sọ̀ fúnra wọn. Fún ọmọ tí kò pé oṣù, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni wọ́n ti ń ka oṣù 6 náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wọ́pọ̀ kó tún sọ̀.

Ooru inú ara ló ń bà á jẹ́. Ẹpọ̀n fi ìwọ̀n Celsius 2 sí 4 tutù ju inú ikùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kórópọ̀n ń fẹ́ ẹ. Tó bá pẹ́ lókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ì bá di àtọ̀ á máa dín kù láti kékeré. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé irùngbọ̀n á hù, ohùn á nípọn, nǹkan ọmọkùnrin á máa ṣiṣẹ́. Tí ọmọ kò bá wá dé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyàwó ni wọ́n á kọ́kọ́ máa gbé káàkiri! Ẹni tí ẹyọ kan péré kò sọ̀ fún sábà máa ń bímọ. Ti ẹni tí méjèèjì kò sọ̀ fún ló le.

Jẹjẹrẹ kórópọ̀n kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ga lára àwọn tí kórópọ̀n wọn kò sọ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tó jáde ní 2007, ewu àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa kórópọ̀n wálẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 13 lé díẹ̀ ní ìlọ́po 2 ti àwọn ọkùnrin yòókù. Àwọn tó ṣe é lẹ́yìn náà ju ìlọ́po 5 lọ. Iṣẹ́ abẹ kò pa ewu náà rẹ́ tán, àmọ́ ó ń gbé kórópọ̀n síbi tí ọwọ́ lè tó tí kókó bá yọ. Ìpá náà wọ́pọ̀ lára wọn, kórópọ̀n sì lè lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́.

Lásìkò ọyẹ́, kórópọ̀n ọmọ tí ara rẹ̀ pé náà lè sá gòkè nítorí òtútù. Ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ṣeé fà wálẹ̀ tó sì dúró, kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n kí dókítà máa wò ó lọ́dọọdún.

Ọjọ́ àjẹsára oṣù 9 dára láti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Láàárín oṣù 6 sí 18 ni iṣẹ́ abẹ náà yẹ: wọ́n á la ibi ìpàdé itan àti ikùn díẹ̀, wọ́n á fa kórópọ̀n wálẹ̀, wọ́n á rán an mọ́ ẹpọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Tí ọwọ́ kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oṣù 6. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọmọ náà wò kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe olóòlà, nítorí ó lè jẹ́ pé ọmọbìnrin ni, tí àìsàn họ́mónù mú kí abẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ọkùnrin.