Bí ẹ bá ń lọ tukọ̀ ní Adirondack, ẹ ro ti ẹrù ná

Ẹni tó bá ní kí n mú òun lọ tukọ̀ ní Adirondack, lápá àríwá ìpínlẹ̀ New York, ẹrù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Àwọn adágún ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbó ló là wọ́n láàárín. Bí ẹ bá tukọ̀ dé etí omi kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó gbé ọkọ̀ lé èjìká, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn dé adágún kejì. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "carry" níbẹ̀. Ẹrù rírù náà ni.

Igi kan dábùú àárín ọkọ̀, tí wọ́n gbẹ́ àyè ọrùn sí. Àwa tá a mọ òṣùká, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àmọ́ èjìká méjèèjì ló ń jókòó lé. Ẹ ó dojú ọkọ̀ dé, ẹ ó wá kó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iwájú rẹ̀ ga díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kìkì gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ yín lẹ ó máa rí.

Ẹ gbọ́ ìṣirò tó máa ń tan àwọn èèyàn: bí ọ̀nà bá jẹ́ máìlì kan, tí ẹ ò sì lè kó gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan, máìlì mẹ́ta lẹ ó rìn. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó tún lọ. Mo ti rí ọkùnrin tó taagun tó jókòó sórí kúlà rẹ̀ láàárín igbó, tí kò lè dìde mọ́. Ẹ fi kúlà sílé.

Agbègbè St. Regis ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí wọn ò gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Láti Little Clear Pond sí St. Regis Pond, ẹrù rírù náà ò tó máìlì kan. Ti Raquette Falls ju máìlì kan lọ, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà míì. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín, ẹ gun òkè St. Regis, níbi tí ilé ìṣọ́ iná wà. Láti orí rẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn adágún náà nílẹ̀.

Omi oṣù karùn-ún ṣì tutù gan-an, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Láti November 1 sí May 1, dandan ni nínú òfin New York kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Lọ́dọ̀ tèmi, dandan ni lójoojúmọ́.

Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà igbó. Ẹ kọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń lọ síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ kọ ìyẹn náà, kí wọ́n má baà wọ inú igbó lóru nítorí ẹni tó ti délé.