Kí Ẹ Tó Ra Idà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Lọ Síbi Àṣefihàn Ìtàn

Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àṣefihàn ìtàn wa máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo ni wọ́n ti lè ra idà. Bàtà ni mo máa ń bá wọn sọ. Ẹni tó bá ní bàtà tó bá ìgbà náà mu, tí kò sì bó o lẹ́sẹ̀, á lè bá wa wà lórí pápá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó gbé idà tó ń dán wá, tó wá wọ bàtà eré ìdárayá sí i, ẹ̀yìn okùn lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran ni a máa ní kó dúró sí.

Fún ẹni tí kò dé irú ibẹ̀ rí: àwọn èèyàn á kóra jọ, wọ́n á múra bí ará ìgbà kan, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á dáná, wọ́n á rọ irin, wọ́n á hun aṣọ, tàbí kí wọ́n tún ogun kan jà lójú àwùjọ. Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe ti Hastings, ogun ọdún 1066, nílùú Battle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Gettysburg ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, oṣù keje ni, torí ọjọ́ kìíní sí ìkẹta oṣù náà ní 1863 ni wọ́n jà á. Nígbà tí ogun Waterloo, ní ilẹ̀ Belgium, pé igba ọdún ní 2015, àwọn tó wọṣọ sójà wá síbẹ̀ tó nǹkan bí 5,000.

Ẹ mú ọdún kan, kí ẹ sì mú irú èèyàn kan. “Ará àtijọ́” kò tó. Àgbẹ̀ tí wọ́n kó lọ sógun ní 1066 kò lè fi awò sójú, torí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni awò ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Ítálì. Sójà 1863 ní tiẹ̀ lè wọ aṣọ tí wọ́n fi maṣíìnì rán, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ní síìpù. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá lọ wo ohun tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó náwó. Púpọ̀ nínú wa ló ní àpótí ẹrù tí a ń yá àwọn ẹni tuntun.

Aṣọ lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó fara kan ara ni kí ẹ kọ́kọ́ rán: ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, torí ó ń fa òógùn, ó sì ń tètè gbẹ. Ti irun àgùntàn ló máa wá sókè. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, irun àgùntàn nínú oòrùn oṣù keje kẹ̀? Nítorí iná ni o. Iná ààrò wà níbẹ̀, iná ẹ̀tù náà wà níbẹ̀. Bí iná bá ta sára irun àgùntàn, á jó níwọ̀nba, á sì sábà kú fúnra rẹ̀. Políẹ́sítà, aṣọ oníke, á yọ́, á lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó ń ta aṣọ lè búra fún yín pé ojúlówó irun àgùntàn ni. Èmi máa ń fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ, màá fi ẹ̀mú dì í mú, màá ṣáná sí i lórí abọ́ irin. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì rún mọ́ ìka, irun àgùntàn ni. Bí ó bá yára jó, tó ń rùn bí bébà, ọ̀gbọ̀ tàbí òwú ni. Bí ó bá ká jọ, tó yọ́, tó di kóro líle, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ̀lọ̀ máa ń yọ̀ lórí koríko tútù. Ẹ ti máa wọ̀ ọ́ rìn nílé kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí ìran ni ẹ wá wò, aṣọ yín ò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe kọjá okùn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan láìtọrọ, kí ẹ sì bá àwọn ọmọdé di etí bí ìbọn bá fẹ́ dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá bóyá iná gidi niná yẹn. Gbogbo wa la ti dáhùn rẹ̀ títí ó fi sú wa. Ẹ bi wá ní ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé a ò ní dákẹ́ mọ́.

Ìbọn tí kò ní ọta ṣì lè ṣeni léṣe: ẹ̀tù nìkan tó láti jó èèyàn tàbí láti fọ́ ojú tó bá sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ẹnu ìbọn sókè kọjá orí, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì fòfin de fífi ọ̀pá ki ìbọn lórí pápá, kí ọ̀pá náà má baà bá iná jáde. Síbẹ̀, oòrùn ni mò ń bẹ̀rù ju ìbọn lọ. Ẹ máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ike omi bá ń tì yín lójú, ẹ fi pa mọ́ sínú àpò aṣọ. Oògùn ikọ́ fée tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi í sílé nítorí pé kò sí i ní 1066.

Kí ẹ tó wọ pápá, ẹ bi olórí yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bá fara pa lóòótọ́ máa pariwo. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti nà gbalaja sílẹ̀ pé àwọn ti kú, igbe “mo gbé o” ò sì ní mú kí ẹnikẹ́ni wẹ̀yìn.