Àga ike tó borí bíríkìlà: kí ni wọ́n ń pè ní center of gravity?

Ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yín wọn ilẹ̀ sẹ́yìn láti ìdí ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ (àwọn mìíràn ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta). Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí àtàrí yóò fi kan ògiri, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ. Àga kékeré kan ti wà nílẹ̀ lábẹ́ àyà yín. Ẹ gbé e, ẹ fà á mọ́ àyà, ẹ wá nàró láìsún ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin yóò dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin, orí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri, wọn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìparí ọdún 2019 ni eré yìí gba orí TikTok kan, tí wọ́n ń pè é ní chair challenge, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ti ń fi dára wọn lára yá níbi àríyá tipẹ́ kí fóònù tó ní kámẹ́rà. Ó dé Èkìtì náà. Níbi ìkómọjáde kan ní Bàsírì l'Ádó-Èkìtì, lẹ́yìn tí iyán ti wọlé tán, mo rí bíríkìlà kan, ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká, tí àga ike borí rẹ̀. Bùbá ti ká sókè lẹ́yìn rẹ̀, òógùn ń kán sílẹ̀ nímú rẹ̀, orúnkún ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ fún ẹlòmíì, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àga, ó dìde. Ariwo ta: "Agbára obìnrin rèé o!" Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, iyán ló ń fà á nílẹ̀."

Nínú gbogbo wa, bàbá ló sún mọ́ òótọ́ jù. Nǹkan kan ń fà á nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iyán kọ́.

Center of gravity ni ibi kan ṣoṣo tí a lè sọ pé gbogbo ìwọ̀n nǹkan kóra jọ sí, tí òòfà ilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ lòun dì mú. Ẹ wá ọmọ odó tó nípọn lápá kan, ẹ gbé e dábùú lórí ìka. Tí ẹ bá fi ìka sí agbedeméjì rẹ̀ gẹ́lẹ́, apá tí a fi ń gúnyán yóò rì. Ẹ máa sún ìka lọ sápá tó nípọn náà títí ọmọ odó yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni.

Ara èèyàn ní tirẹ̀. Tí a bá nàró, ó máa ń wà nítòsí ìdodo, nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Tí a bá wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀, ti obìnrin sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀, ti ọkùnrin ní ìdá 56 sí 57, torí ìwọ̀n ọkùnrin pọ̀ sí èjìká àti àyà, ti obìnrin sì pọ̀ sí ìbàdí. Ìyàtọ̀ yẹn kò pọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé tí a bá ta okùn láti ibẹ̀ wálẹ̀ tààrà, àárín gìgísẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Tí okùn bá ti kọjá ìka ẹsẹ̀, a ó ṣubú, àfi tí nǹkan bá gbá wa mú.

Ohun tó gbá bíríkìlà mú ni ògiri. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, nítorí náà ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì tirẹ̀ ti gbé e jìnnà sí ògiri ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn kọjá gìgísẹ̀, ó ń dọ́gba pẹ̀lú orí àti àyà tó wà níwájú. Ìdí ti ọkọ dúró sókè ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, gbogbo orí, èjìká àti àga wá wà níwájú. Okùn ti kọjá ìka ẹsẹ̀, kò sì sí iṣan tó lè tún ìyẹn ṣe. Mo ní kó sún ẹsẹ̀ mọ́ ògiri díẹ̀. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó wá ń bínú pé a kò tètè sọ fún òun. Bákan náà, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí èjìká rẹ̀ sì gbòòrò, lè lẹ̀ mọ́ ògiri bíi ti ọkùnrin.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ àti ìdí kàn án, kó wá bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ láìká orúnkún. Iwájú ni yóò já lọ, ì báà ṣe ọkùnrin ì báà ṣe obìnrin, torí ògiri kò jẹ́ kí ìdí rí ibi yọ sí.

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n ní NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, sọ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù náà nìkan ni ìgbálẹ̀ onígi gígùn lè dá dúró. NASA kò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alvin Drew, arìnrìn-àjò òfuurufú wọn, gbé ìgbálẹ̀ dúró nínú fídíò, ó sì dúró. Ìsàlẹ̀ nítòsí irun ìgbálẹ̀ ni center of gravity rẹ̀ wà, irun náà sì tẹ́ sílẹ̀ tó láti gbà á dúró lọ́jọ́ tó bá wuni.

Lójú tèmi, irú ìtàn bẹ́ẹ̀, "NASA ló sọ ọ́", "obìnrin lágbára jù", ló ń gbé eré rìn ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ìtàn nìkan kò tó. Ní 2007, Damon Centola àti Michael Macy, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ìwà kì í ràn bí àìsàn. Ẹnì kan tó ń wúkọ́ ti tó láti kó àìsàn ranni, ṣùgbọ́n kéèyàn tó dáwọ́ lé ohun tó lè dójú tì í, ó sábà máa ń fẹ́ kọ́kọ́ rí i lọ́dọ̀ ẹni bíi mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Ádó. Tó bá jẹ́ àjèjì ló wà nínú fídíò, a ó rẹ́rìn-ín, a ó kọjá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá fi tirẹ̀ sórí status WhatsApp, tí ẹgbẹ́ akọrin fi tiwọn, tí ẹni tí a jọ ka ìwé ní EKSU tún fi tirẹ̀, la ó dìde wá àga. Àwọn tó ń da omi yìnyín sórí ní 2014, nínú eré ìkówójọ tí wọ́n ń pè ní ice bucket challenge, tilẹ̀ ń dárúkọ ẹni tó kàn, ALS Association, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àìsàn ALS tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, sì rí mílíọ̀nù 115 dọ́là gbà lásìkò náà.

WhatsApp ti dín fífi nǹkan ránṣẹ́ síwájú kù sí ibi márùn-ún ní 2019, ó sì sọ èyí tó ti rìn jù di ibì kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin 2020. Ìyẹn kò dá irú eré yìí dúró, torí kálukú ló ń ya fídíò tirẹ̀.

Ní 2021 wọ́n tún gbé òmíràn dé, tí wọ́n sọ ní center of gravity challenge gan-an: ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ẹ fọwọ́ gbé àgbọ̀n, ẹ wá yára kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Okùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin á ti kọjá orúnkún, ojú ni wọ́n á fi kanlẹ̀, ọwọ́ tí wọn ìbá sì fi gba ara wọn ti wà lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ táìlì ló wà nílẹ̀ yín, ẹ tẹ́ fóòmù síwájú onítọ̀hún kí ẹ tó tan kámẹ́rà.