Kí Ẹ Tó Di Apòògùn Àwọn Tó Pààrọ̀ Kíndìnrín

"Ma, ìwé ẹ̀rí wo ni kí n gbà?" Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ apòògùn máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyí tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìyẹn bíbójú tó oògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Ó ń dùn mí pé mi ò tíì rí èyí tó kọ́kọ́ béèrè bí aláìsàn ṣe ń lo oògùn rẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ò gùn. Ẹ ó ka ẹ̀kọ́ apòògùn ní yunifásítì, ọdún 6 ni tó bá jẹ́ PharmD, ìyẹn oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ oògùn. Ẹ ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ọdún kan, ẹ ó ṣe àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó wọ ètò ẹ̀kọ́ West African Postgraduate College of Pharmacists. Ẹni tó bá fẹ́ ti Amẹ́ríkà, àwọn BPS, àjọ tó ń fún apòògùn ní ìwé ẹ̀rí àkànṣe níbẹ̀, ti ní ìdánwò àkànṣe fún iṣẹ́ yìí láti ọdún 2020. Ó parí.

Èyí tó le ni tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀. Kíndìnrín àkọ́kọ́ tí wọ́n pààrọ̀ tó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ní Boston lọ́dún 1954, ara ìbejì aláìsàn náà ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi gbà á láìjà. Ẹni tí kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa gbógun ti kíndìnrín àlejò náà ni, àfi kí oògùn máa dá a lẹ́kun lójoojúmọ́. Tí tacrolimus bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara á kọ kíndìnrín. Tó bá pọ̀ jù, oògùn náà fúnra rẹ̀ á máa ba kíndìnrín ọ̀hún jẹ́. Àárín méjèèjì há púpọ̀.

Torí rẹ̀ ni mo fi ń tẹnu mọ́ aago. Wákàtí 12 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó lo ti àárọ̀, nítorí ìwọ̀n tó ṣẹ́kù nígbà tó lọ sílẹ̀ jù là ń wá. Kó gbé oògùn náà dání wá, kó lò ó tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ tán. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fẹ́ bó. Síbẹ̀, aláìsàn á ti gbé e mì nílé kó tó wọ mọ́tò. Àbájáde á wá ga, dókítà tí kò ní apòògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ á dín oògùn kù, kò sì ní pẹ́ tí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín. Apòògùn tó mọṣẹ́ kì í gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ kó tó béèrè pé: "Aago mélòó lẹ lo oògùn kẹ́yìn? Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀?" Oníṣẹ́ abẹ mọ ọ̀bẹ, dókítà kíndìnrín mọ àìsàn. Oògùn ni tèmi, mi ò sì ń tọrọ àyè kí n tó sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè tó kàn ni: "Kí lẹ tún gbé mì?" Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ tacrolimus kúrò lára. Fluconazole, ketoconazole àti clarithromycin máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, tacrolimus á wá kó jọ. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ife ń mú ẹ̀dọ̀ yára, á sì gbé e lọ ráúráú. Ní ti ibuprofen àti diclofenac, kíndìnrín gan-an ni wọ́n ń gbá mú.

Àwọn tó ń ta àgbo "afọ-kíndìnrín" ní gáréèjì máa ń sọ pé inú ilẹ̀ ni tàwọn ti wá, pé májèlé ni ti òyìnbó. Inú ilẹ̀ Tsukuba ní Japan náà ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe tacrolimus lọ́dún 1984! Ṣùgbọ́n mo mọ iye tó wà nínú kápúsù kan. Ta ló mọ iye ohun tó wà nínú ìgò tiwọn? Mi ò bá ewé jà. Ẹni tó ń tà á fún ẹni tó ń lo kíndìnrín ẹlòmíràn láìbi í ní nǹkankan ni mò ń bínú sí.

Láti ọdún 2000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó, tí Ifẹ̀ sì tẹ̀lé e lọ́dún 2002, àwọn tó ń lo kíndìnrín ẹlòmíràn ti wà láàárín wa. Kẹ́míìsì tí gbogbo wa ń lọ ni àwọn náà ń lọ.

Ọkùnrin kan wà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fún ní kíndìnrín. Làpálàpá yọ sí i lára, onísọ́ọ̀bù oògùn àdúgbò sì ta fluconazole fún un. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ẹni tó bá mọ tacrolimus mọ ohun tí ọwọ́ gbígbọ̀n ń wí. Àwọn ẹbí ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ìyẹn ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Oògùn ti kó jọ sára, wọ́n tún fi òùngbẹ kún un. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ ò sì yọ dáadáa mọ́, ni wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá nínú ọ̀rá. Ibẹ̀ ni mo ti rí páálí fluconazole. A dáwọ́ rẹ̀ dúró, a sì ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọ tacrolimus títí ó fi wálẹ̀. Kíndìnrín náà ò kú, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà mọ́, àbúrò rẹ̀ ò sì ní òmíràn tó lè fún un.

Mo lọ bá onísọ́ọ̀bù náà. Ó ní ọkùnrin yẹn ò sọ fún òun. Mo ní, "Ṣé ẹ bi í?" Kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má dúró de wọ́ọ̀dù ńlá. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra oògùn lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé oògùn wo ló ń lò lójoojúmọ́. Tó bá dárúkọ tacrolimus, tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi ciclosporin àti sirolimus, ẹ má tíì ta ohunkóhun fún un. Ẹ gba nọ́ńbà ilé ìwòsàn rẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n lójú rẹ̀ níbẹ̀.