Bí A Ṣe Ń Ka Iye Ìwà Ipá Inú Ìròyìn

Bí ẹ bá wo àtẹ iye ìpànìyàn ilẹ̀ England àti Wales, ẹ ó rí i pé ọdún 2002 sí 2003 yọ gọngọ láàárín àwọn yòókù. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á ní ọdún náà le. Rárá o. Dókítà kan, Harold Shipman, ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa àwọn aláìsàn rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní 1998. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jábọ̀ ní 2002, wọ́n da 172 nínú àwọn tó pa sínú ìwé ọdún kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn 96 tó kú sí ọ̀ràn pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough ti 1989. Inú ìṣirò 2016 sí 2017 ni wọ́n wà, torí pé ọdún 2016 ni ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú tó sọ pé wọ́n pa wọ́n lọ́nà tí kò bófin mu.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọ ìwé ni ọlọ́pàá ń kà. Ìṣirò ìwà ọ̀daràn niṣẹ́ mi, ohun tí mo sì kọ́kọ́ ń wá nínú ìròyìn nìyí: ta ló kà á, ìgbà wo ló kà á, kí ló sì pè ní ìwà ipá?

Yàtọ̀ sí ìwé ọlọ́pàá, àwọn ìjọba kan máa ń rán olùwádìí sí agboolé láti bi àwọn èèyàn léèrè ohun tójú wọn rí, yálà wọ́n fẹjọ́ sùn tàbí wọn ò fi sùn. Amẹ́ríkà ti ń ṣe é láti 1973. Nínú ìwà ipá tí àwọn èèyàn ń sọ fún wọn, èyí tó dé etí ọlọ́pàá kì í sábà tó ìdajì. Nítorí náà, bí ara bá tu aráàlú láti fẹjọ́ sùn, iye inú ìwé ọlọ́pàá lè ròkè láìjẹ́ pé ìkọlù kankan lé sí i. (Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè ka ìpànìyàn. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè.)

Òfin kíkà náà máa ń yí padà. Títí di 2013, obìnrin nìkan ni FBI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń kó iye ìwà ọ̀daràn jọ látọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ń kà bó bá di ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, iye sì ga. Ní 2021 wọ́n tún pa ọ̀nà ìkójọ àtijọ́ tì, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ò sì fi tiwọn ránṣẹ́, títí kan ti New York àti Los Angeles. Akọ̀ròyìn tó bá fi ọdún yẹn wé 2020 láìsọ èyí ti ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń dẹ́rù bà mí jù. Ìlú kékeré tí wọ́n ti pa èèyàn 2 lọ́dún kan, tí wọ́n wá pa 4 lọ́dún kejì, "ìpànìyàn di ìlọ́po méjì" ni àkọlé á gbé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìjà alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lè fà á. Ti Amẹ́ríkà ní 2020 ò rí bẹ́ẹ̀: ìpànìyàn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí. Ìyẹn kì í ṣe èèṣì. Síbẹ̀, nínú gbogbo 100,000 èèyàn, ó lé ní 6 tí wọ́n pa lọ́dún yẹn, 9.8 ni ti 1991. Ẹni tó ní ó burú ju ti 2019 lọ ò purọ́, ẹni tó ní ó sàn ju ti 1991 náà ò purọ́.

Lọ́dún 2020 kan náà, ìdigunjalè dínkù. Bí ìròyìn bá wá kó ìpànìyàn, ìdigunjalè àti ìkọlù pọ̀ sábẹ́ "ìwà ipá", ìkọlù tó pọ̀ jù lọ láàárín wọn ló máa bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ìpànìyàn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí òkú ṣòro láti fi pamọ́. Ìròyìn tó bá sì fi oṣù kan wé oṣù kan, mo máa ń fò ó kọjá ni.